Human services ọdún méjì ní community college, ṣé kí n wọ̀ ọ́ àbí kí n wá nǹkan míì ṣe?

ÌyáÌbejì_Bronx

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á. Bronx ni mò ń gbé, iṣẹ́ home care ni mò ń ṣe, ọdún kẹfà rèé, ọmọ ọdún 41 ni mí, green card wà lọ́wọ́ mi, àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 9. Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú báyìí ti pé ọdún 91, òru ni mo máa ń wà lọ́dọ̀ ẹ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe fẹ́ máa lọ sílé láàárọ̀ ni social worker kan wọlé. Ó jókòó, ó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ lé itan, ó ń bi màmá léèrè ọ̀rọ̀, màmá ń dá a lóhùn pé fine, fine, òun náà ń tẹ fine síbẹ̀. Màmá ò fine. Màmá kì í jẹun tí ẹ ò bá pa tẹlifíṣọ̀n, aago mẹ́ta òru ló máa ń jí tí á máa pe ọmọ ẹ̀ tó ti kú, ó sì ti ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi tí mo mọ gbogbo ẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi léjìká, obìnrin náà ò bi mí ní nǹkan kan àfi ibi tí bathroom wà. Mo sọ ọ́ nínú ara mi nígbà tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì pé iṣẹ́ obìnrin yìí gan-an ni mo fẹ́ ṣe, màá sì ṣe é jù ú lọ.

Community college kan tí ò jìnnà sí mi ní kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní human services, ọdún méjì, kírẹ́díìtì 60. CUNY ni, ìyẹn yunifásítì ìjọba ìlú New York, owó ẹ̀ ò pa èèyàn, $4,800 lọ́dún fún ará New York tó ń ṣe full-time, àbí $210 lórí kírẹ́díìtì kan téèyàn bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sórí wẹ́ẹ̀bù wọn, wọ́n ní èèyàn lè di case manager, lè di counselor. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé tí mo bá ṣe é tán mo ti di social worker nìyẹn? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé kọ́ọ̀sì dáa kó tó kówó lé e? Ẹni tó bá ti ṣe é rí kó bá mi sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó jọ̀ọ́ dúró dọ̀la, mi ò tíì sùn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. BLS tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ka iye owó tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ohun tí wọ́n kọ fún May 2023 rèé: ẹni tó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú àwọn social and human service assistant ń gba $41,410 lọ́dún, RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì, ń gba $86,070. Ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀. Community college kan náà ni ẹ̀ ń lọ, ọkọ̀ kan náà lẹ máa wọ̀. Kí la wá ń jiyàn lé lórí?

Àdùkẹ́_Brooklyn

@Ọmọ_Ìjẹ̀bú, ẹ kú ìṣirò o. Ọdún méjì tí wọ́n kọ sára nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ti ṣe é mọ̀ pé kì í ṣe ọdún méjì, chemistry, anatomy, microbiology ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ lọ ṣe, ẹ máa fi máàkì figagbága pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 19 kí wọ́n tó mú yín. Àti pé kì í ṣe gbogbo wa ni ẹ̀jẹ̀ ò ń bà lẹ́rù. Obìnrin yìí ti sọ ohun tó wù ú, ó ní òun fẹ́ jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin wá ń fún un ní abẹ́rẹ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru. Èmi ṣe human services. WAEC nìkan ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fi lottery dé ní 2012, City Tech ní Jay Street ni mo ti ṣe ti ọdún méjì, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe bachelor's ẹ̀, torí ilé-ìwé kan náà ló ní méjèèjì, kírẹ́díìtì kankan ò sọnù. Lónìí case manager ni mí ní ṣẹ́lítà àwọn ìdílé tí kò nílé lórí. Mi ò lówó, ẹ má jẹ́ n purọ́, ṣùgbọ́n mo ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, mo ní ìnṣọ́ránsì, mo sì ń sùn lálẹ́. Fún èmi, kọ́ọ̀sì yẹn ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì ni bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹ ò ní di social worker. Màá jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ṣàlàyé.

Alàgbà_Adviser

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ẹ́ lọ ti dé, àbúrò mi, ó kàn jẹ́ pé àgbà ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ọdún kọkànlá mi rèé ní ọ́fíìsì àwọn adviser ní community college kan ní Maryland, ìbéèrè Ìyá Ìbejì yìí, mò ń gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, látẹnu ọmọ Nàìjíríà, ará Cameroon, ará Ethiopia, gbogbo wọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Human services yàtọ̀ sí social work bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Social work ní ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì ẹ̀, CSWE lórúkọ wọn, bachelor's àti master's ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí, wọn ò dé ọ̀dọ̀ associate, ìyẹn díígírì ọlọ́dún méjì, rárá. Ní ìpínlẹ̀ tẹ̀ ń gbé, New York, láìsẹnì àkọ́kọ́ ni LMSW, master's social work nìkan ló ń gbé èèyàn dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò. Tọ̀dọ̀ wa ní Maryland ní ti bachelor's, LBSW, ṣùgbọ́n bachelor's social work ni o, human services ò lè gbà á. Èèyàn tó ní bachelor's human services lè wọ master's social work, kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́wọ́, àmọ́ ọdún méjì gbáko ló máa ṣe, ẹni tó ti ní BSW, ìyẹn bachelor's social work, ló lè gba ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń pè ní advanced standing. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n á ṣe ọdún mẹ́rin tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ilé kejì ni wọ́n kọ́.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ fi àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín yẹn sílẹ̀, ẹ wá ìwé kátálọ́ọ̀gì wọn. Ẹ wò ó bóyá AAS ni wọ́n kọ síbẹ̀ àbí AS. AAS, iṣẹ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, ọ̀pọ̀ yunifásítì ò ní ka gbogbo kírẹ́díìtì inú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀síwájú, àyàfi tí àdéhùn bá wà. AS, wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ lè kọjá ni. Ti Àdùkẹ́ bọ́ sí i torí abẹ́ òrùlé kan náà ló wà. Kẹ́ ẹ wá béèrè àdéhùn yẹn lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi ìwé ẹ̀ hàn yín, pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé tó ń gbà á àti iye kírẹ́díìtì tí wọ́n máa gbà. Ẹni tó bá ní "wọ́n sábà máa ń gbà á", ẹ dìde ńlẹ̀. Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra ẹ̀, Middle States ló ń fọwọ́ sí tiyín àti tiwa, èyí ò ṣeé fi ṣeré. Fún kọ́ọ̀sì human services, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CSHSE, láti 1979 ni wọ́n ti wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì tó dáa ni kò ní àmì wọn, torí náà tó bá wà ẹ yọ̀, tí kò bá sí ẹ má sá. Ohun tí wọ́n béèrè ni kẹ́ ẹ fi ṣòṣùwọ̀n: wọ́n ní associate gbọ́dọ̀ ní wákàtí 250 lẹ́nu iṣẹ́ níta, bachelor's 350. Kọ́ọ̀sì tó bá ní wákàtí 60 péré níta, ìwé kíkà lásán nìyẹn.

Iye àwọn tó ń ṣe é yanjú, College Navigator ti ìjọba ní in, ẹ lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe full-time ni nọ́ńbà gbajúmọ̀ yẹn ń kà, ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń ṣiṣẹ́ òru kò sí nínú ẹ̀ rárá.

ÌyáÌbejì_Bronx

Ẹ ṣeun ẹ̀yin bàbá wa, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Mo ti lọ wò ó, AAS ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà wọn, ẹni tó gbé e ní "most of it transfers", mo rántí ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rín pa mí. Wákàtí níta yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè?

Ìyá_Kémi

Ẹ dákun, oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yẹn, ṣé ẹ ti sọ fún nọ́ọ̀sì wọn?

ÌyáÌbejì_Bronx

Mo ti sọ o, mo pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà gan-an, nọ́ọ̀sì ti wá. Mẹ́tàdínlógún ló kà jáde.

Àdùkẹ́_Brooklyn

Ẹ jẹ́ n sọ ti wákàtí yẹn fún yín torí kò sí nínú ìwé kankan. Wákàtí 250, ẹ pín in sí sẹ́mẹ́sítà méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń lọ sí wákàtí mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀. Lórí ìwé, ọjọ́ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, torí ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì ń ṣí, kò sẹ́ni tó máa fún yín ní practicum aago mọ́kànlá alẹ́. Èmi, ọjọ́ Wednesday ni mo mú, màá ti iṣẹ́ òru dé ní aago mẹ́jọ, màá wẹ̀, màá fi burẹ́dì sẹ́nu, aago mẹ́wàá màá ti wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́fà. Mo sùn lórí tábìlì ìgbà kan, ẹni tó ń gbàdúrà pé kí n bá òun rí ilé gbé ló jí mi.

Wọ́n á tẹ ìka yín, wọ́n á wo orúkọ yín ní ìwé ìpínlẹ̀ bóyá wọ́n ti fẹ̀sùn kàn yín rí nípa ọmọdé. Ẹni tó bá ní ohun kan lẹ́yìn kó tètè sọ fún ẹni tó ń darí kọ́ọ̀sì kó tó sanwó, mo mọ ẹni tó ka ìwé tán tó wá di pé kò síbi tó máa gbà á fún practicum.

Ẹ sì béèrè pé ta ló ń wá ibi iṣẹ́ náà, ṣé wọ́n á wá a fún yín àbí ẹ máa wá a fúnra yín. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí sí, mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń ṣa aṣọ tí àwọn èèyàn fi tọrẹ, èyí tó ya lọ́tọ̀, èyí tó mọ́ lọ́tọ̀, àti photocopy. Mi ò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Lẹ́kíṣọ̀ mi ló wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láì sọ tẹ́lẹ̀, ó bá mi nínú aṣọ, kò bá wọn jà, ó kàn ní kí n gbé báàgì mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí n jókòó sí intake, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn èèyàn wọlé. Torí obìnrin yẹn ni mo ṣe ń sọ pé kọ́ọ̀sì mi dáa, kì í ṣe torí kátálọ́ọ̀gì. Tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní sẹ́mẹ́sítà kẹta bóyá lẹ́kíṣọ̀ wọn ti wá wò wọ́n rí.

Fún ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ àwọn tó ń mu oògùn olóró, ẹ wá èyí tí kọ́ọ̀sì ẹ̀ bá CASAC mu, ìyẹn ìwé ẹ̀rí New York fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wákàtí 350 ni wọ́n ń béèrè nínú kíláàsì, tó bá wà nínú díígírì yín, òkò kan ẹyẹ méjì nìyẹn.

Ó_dọwọ́_Olúwa

Kẹ́ ẹ tún ṣọ́ra fún orí íntánẹ́ẹ̀tì o. Human services ni mo ṣe, ilé-ìwé aládàáni kan tó ń polówó káàkiri ni mo lọ, wọ́n pè mí ní ìgbà mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ kan títí mo fi fọwọ́ sí i. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Nígbà tí mo gbé transcript lọ sí yunifásítì ìjọba, nínú kírẹ́díìtì 60, mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà. Mẹ́sàn-án. Mo jókòó sínú mọ́tò mi mo sunkún bí ọmọdé. $210 tẹ̀ ń sọ yẹn, ọlá ni, èmi san ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ lórí kírẹ́díìtì kan.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Pẹ̀lẹ́ o. Èyí dùn mí gan-an ni.

Olùtọ́jú_PG

Èmi ò mọ ti ilé-ìwé, èmi lẹni tó ń gbani síṣẹ́. Group home méjì ni mo ń bójú tó ní Prince George's County, àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ ló ń gbébẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tí kò dùn: fún iṣẹ́ DSP, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú wọn lójoojúmọ́, associate degree ò fi bẹ́ẹ̀ fi kún owó lọ́dọ̀ mi, torí ohun tí ìpínlẹ̀ ń san fún wa náà la ń pín. Fún ẹni tó máa darí ilé, ìyẹn house manager, ibẹ̀ ni mo ti máa ń wò ó.

Àmọ́ mo máa ń mọ àwọn tó ṣe human services dáadáa. Nóòtì wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ọmọkùnrin kan tí mo gbà lọ́dún tó kọjá kọ ọ́ pé ẹni tí òun ń tọ́jú "ya ẹhànnà" lónìí. Mo pè é. Kí ló ṣe gan-an? Ó ní ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ẹ̀ẹ̀melòó? Ẹ̀ẹ̀kan. Ta ló wà níbẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn? Ó ronú, ó ronú, ó wá jẹ́ pé òun ló pa rédíò ọkùnrin náà láì sọ fún un. Ta ló wá ya ẹhànnà níbẹ̀? Nóòtì àkọ́kọ́ yẹn, tó bá wà nínú fáìlì, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ fi oògùn kún ti ọkùnrin yẹn. Ẹni tó bá kọ́ kọ́ọ̀sì yìí lọ́wọ́ olùkọ́ gidi, ohun tó rí ló máa kọ, kò ní kọ ohun tó rò. Torí náà ẹ bi wọ́n pé kíláàsì wo ni wọ́n ti ń kọ́ nóòtì kíkọ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Tó bá jẹ́ Introduction to èyí, Introduction to tọ̀hún ló kún inú ẹ̀, ẹ wá ibòmíì.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ìyá arúgbó kì í jẹun tí tẹlifíṣọ̀n bá ń pariwo, ẹ ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Alàgbà_Adviser

Ọ̀rọ̀ rèé. Ìyá Ìbejì, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n ti bi yín láti àná, ó bọ́ sọnù lẹ́nu mi. Kí lẹ kà ní Nàìjíríà?

ÌyáÌbejì_Bronx

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyẹn ò ṣe pàtàkì. Sociology ni. BSc, second class lower, 2006. Ó wà nínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo dé, àǹtí tó gbà mí sílé ní ìwé Nàìjíríà ò já mọ́ nǹkan kan níbí, kí n máa sọ pé secondary school ni mo ṣe, kí wọ́n má baà ní mo ti kàwé jù fún iṣẹ́ home care. Ohun tí mo ń kọ síbi gbogbo láti ìgbà yẹn nìyẹn. FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba, tí mo ti ń ṣe ní ìdajì náà, mo fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n lè rí Pell gbà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston

Áàà! Ọ̀rọ̀ dé!!

Alàgbà_Adviser

Ẹ pa FAFSA yẹn dé ná. Ẹ má fi ránṣẹ́.

Pell Grant, tó ga jù lọ tó $7,395 lọ́dún, ẹni tí kò tíì gba bachelor's rí ni wọ́n ń fún. Bachelor's tí ẹ gbà ní ìlú òyìnbó àbí ní Ado-Ekiti, ọ̀kan náà ni lójú òfin yẹn, kódà tẹ́ ẹ ò bá tíì gbé e jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá kọ pé ẹ ò ní, tó bá dọ̀la tẹ́ ẹ wá gbé BSc yín jáde láti wọ master's, ìwé méjèèjì máa pàdé ara wọn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá owó padà, ó sì lè ju owó lọ, ìwé ìjọba lẹ fọwọ́ sí, ẹ sì fẹ́ gba citizenship lọ́jọ́ iwájú. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín, àmọ́ mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀.

Àǹtí yín ò parọ́ mọ́ yín, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni. Ṣùgbọ́n BSc ọlọ́dún mẹ́rin láti yunifásítì Nàìjíríà tí NUC fọwọ́ sí, àwọn tó ń yẹ ìwé wò bíi WES sábà máa ń kà á sí bachelor's Amẹ́ríkà. Ẹ ò nílò associate. Ẹ ò nílò bachelor's kejì. Master's social work lẹ lè kọjú sí tààrà, ẹ ò tilẹ̀ ní kọjá lọ́dọ̀ human services. Lehman wà ní Bronx níbẹ̀, ẹ wọ train 4 ẹ sọ̀ ní Bedford Park, wọ́n ní MSW. Hunter náà ní tiwọn ní Manhattan. CUNY ni méjèèjì.

Àdùkẹ́_Brooklyn

Ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ fi ń sọ pé secondary school lẹ ṣe! Ká má purọ́, mo jowú díẹ̀, torí ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni mo fi wá ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ sí MSW lọ́la. Wákàtí níta tiẹ̀ jẹ́ 900, kì í ṣe 250, ẹ bi mí bí ọ̀kan ṣe rí kẹ́ ẹ tó fojú inú wo èkejì. Ohun tí èmi máa ṣe ká ní èmi ni yín: màá kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ BSc yẹn wò, lẹ́yìn náà màá fi wáṣẹ́. Case manager ní ṣẹ́lítà, bachelor's ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè. Caseworker ti ìjọba ìlú New York, bachelor's ni, ìdánwò civil service ni wọ́n ń ṣe fún un. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ACS, bachelor's ni pẹ̀lú kírẹ́díìtì 24 nínú àwọn nǹkan bíi social work, sàíkọ́lọ́jì, sociology. Sociology, Ìyá Ìbejì! Ẹ ti ní in! Ẹ fi home care sílẹ̀ fún ẹ̀yìn yín, ẹ ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ọdún méjì, kẹ́ ẹ wá lọ sí MSW. Hunter ní ètò kan fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ní irú àwọn ibi wọ̀nyí, One Year Residence, tẹ́ ẹ lè máa ṣiṣẹ́ yín lọ kí ibi iṣẹ́ yín sì ka wákàtí yẹn fún yín. Home care lè má kà síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí iṣẹ́ padà. Tẹ́ ẹ bá sì wà nínú union 1199 ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ béèrè training fund wọn, wọ́n máa ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sanwó ilé-ìwé.

Ọlọ́wọ́_HND

Ẹ gbà mí o, èmi ní HND ńkọ́? Accountancy, poly.

Alàgbà_Adviser

@Ọlọ́wọ́_HND, tiyín ò rí bákan náà, bí ọ́fíìsì kan ṣe máa kà á ni òmíràn ò ní kà á. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kí wọ́n sọ àwọn tí wọ́n ń gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ wọn. Ẹ má lọ ṣe é lọ́dọ̀ ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù kẹ́ ẹ wá sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un torí àwọn míì tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí láì dá sí i: kọ́ọ̀sì yìí ò burú. Fún Àdùkẹ́ tó dé pẹ̀lú WAEC, ó dáa púpọ̀. Ìyá Ìbejì ló fẹ́ lọ jókòó sí kíláàsì kan tó ti kọjá ní 2006.

ÌyáÌbejì_Bronx

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé Ghana-must-go jáde láàárọ̀ yìí, àwọn ìbejì ní kí ni, mo ní ìwé mi ni, Táyé ní "Mommy, you went to college?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dá a lóhùn.

Mo ti pa FAFSA náà dé. Transcript ló kù. Ẹ mọ bí ilé-ìwé tiwa ṣe ń ṣe é.

Ó_dọwọ́_Olúwa

Ẹ wá ẹni tó máa lọ dúró tì wọ́n níbẹ̀. Ìméèlì nìkan ò lè ṣe é.

ÌyáÌbejì_Bronx

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àbúrò mi ọkùnrin lọ sí Exams and Records lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ní iná ò sí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì wọ́n rí fáìlì mi, ó ní eruku ẹ̀ mú òun sín títí òun fi dé ilé, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí green card àti lórí fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè fi transcript ránṣẹ́ sí WES pẹ̀lú orúkọ tí kò bára mu. Nǹkan míì: obìnrin social worker yẹn tún wá ní Thursday, mo ti kọ nóòtì sílẹ̀ bí @Olùtọ́jú_PG ṣe sọ, ohun tí mo rí nìkan, aago tí mo rí i. Mo nà án sí i. Ó kà á lórí ìdúró, ó wá jókòó, ó ní kí n jókòó.

Alàgbà_Adviser

Kí wọ́n fi orúkọ bàbá yín ránṣẹ́ bó ṣe wà nínú fáìlì, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i padà rárá. WES lẹ máa fi marriage certificate hàn pé ẹni kan náà ni yín. Ẹ yí orúkọ orí fọ́ọ̀mù yẹn sí ti bàbá yín lónìí, kí àbúrò yín tẹ̀ ẹ́ jáde, kó sì dé ibẹ̀ ní Mọ́ńdè kó tó di aago mẹ́wàá.

ÌyáÌbejì_Bronx

Mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní òun máa mú ìbòmú dání fún eruku.